Orúkọ Tí Àǹtí Ìyàwó Sọ Àwọn Ará Ilé Ìdáná

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìgbálẹ̀ ilé wa ní orúkọ. Bàbá Alárìnká là ń pè é, torí kò sí kọ̀rọ̀ tí kì í rìn dé láàárọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Odó náà lórúkọ, sítóòfù lórúkọ, asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì pàápàá lórúkọ tirẹ̀, orúkọ náà kò sì dára létí. Bí ẹ bá kọjá níwájú ilé wa ní Igbó-Elérin láàárọ̀, tí ẹ gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ẹ rọra tọ Bọ̀dá Onínúfùfù o, kí wọ́n má gbaná jẹ mọ́ wa," ẹ ó rò pé ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ni. Kò sí ìjà. Sítóòfù kẹrosíìnì ni wọ́n fẹ́ tàn.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí irú ilé bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan gba àárín kọjá, ilé ìdáná àti kànga wà lẹ́yìnkùlé. Àwa là ń gbé yàrá iwájú, àwọn ayálégbé gba ìyókù. Káfíńtà ni bàbá mi. Ó máa ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ará Néfì Táùn, eruku pákó kì í sì í kúrò nínú irun rẹ̀ àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá ń lọ kírun. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé pẹ̀lú wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á ti fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn: ẹni tó máa pọnmi kó lọ pọnmi, ẹni tó máa gbálẹ̀ kó bọ́ síta. Bí o bá ń tòògbé lórí ìgbálẹ̀, etí rẹ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n mọ etí fà. Títí dòní mo gbà pé etí ọ̀tún mi fi díẹ̀ gùn ju tòsì lọ.

Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kúnlé, àbúrò mi, kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa. N kò fẹ́ fi ìyẹn pa yín lẹ́kún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ó fi àmù kan sílẹ̀ ní igun ilé ìdáná. Ìkòkò ńlá pupa ni, wọ́n gbé e ka orí iyanrìn tútù, bàbá mi sì fi pákó ṣe ọmọrí fún un. Láti ilé wọn ni ìyá mi ti gbé e wá nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Omi inú rẹ̀ máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, ìdí àmù yẹn ló sì ti máa ń pè é jù: "Àbẹ̀kẹ́, wá mumi kó o tó máa lọ." Lẹ́yìn tí kò sí mọ́, bí inú mi ò bá dùn, màá lọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ara àmù náà, màá dúró bẹ́ẹ̀ títí ara mi á fi balẹ̀. Nǹkan tó kù fún mi lára ìyá mi nìyẹn.

Nígbà tí Kúnlé ti tó ẹni tó ń sáré kiri ni a gbọ́ pé bàbá wa fẹ́ gbé ìyàwó. Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ìyá Ríṣí, ayálégbé wa kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló bà á jẹ́. Ó pè mí nígbà tí mo ń fọ abọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ múra o. Gbogbo ẹrù ìyá yín ni wọ́n máa kó dànù. Ìyàwó wo ló máa bu omi mu nínú àmù obìnrin mìíràn?" Ó sọ ọ́ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi kò lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ìyàwó kọ́ ló bà mí, àmù yẹn ni mo ń rò.

Láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti mú un wá. Ó ga, ó dúdú, eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo. Àǹtí Ìyàwó ni wọ́n ní kí a máa pè é. Ẹ mọ bí àṣà ṣe rí: ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó ṣì ń mu ọmú. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Yóò wo ìrísí oníkálukú, yóò wo ìwà rẹ̀, yóò wá orúkọ tó bá a mu. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ìyàwó ti ń sá fún wàhálà yẹn nígbà náà, wọ́n á kàn fi "Bọ̀dá" àti "Àǹtí" bo orúkọ mọ́lẹ̀, ó parí. Àǹtí Ìyàwó kò sá. Kúnlé gba orúkọ tirẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú: Eyínfúnjowó, torí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni ń ta búrẹ́dì.

Ó wá kan èmi. Ó pè mí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó pè mí ní Ìbàdíìlẹ̀kẹ̀, mo wo àjà. Ó dé orí Adúmáadán, mo dìde, mo jáde. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé n kò ní jẹ́ orúkọ kankan lẹ́nu ẹni tó máa gbé àmù ìyá mi dànù. Màmá Àgbà ti na ọwọ́ sí etí mi kí Àǹtí Ìyàwó tó dá wọn dúró. Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá. Orúkọ wọn ò tíì dé ni. Ó ń bọ̀ lọ́nà." Màmá Àgbà fọwọ́ wálẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ibi tó ti ń wo ilé yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn ohun èlò lórúkọ. Ó ní kì í ṣe èèyàn nìkan lòun bá nílé. Òun bá odó, òun bá ọlọ, òun bá ìgbálẹ̀; gbogbo wọn ló ti ń sin ilé yìí kí òun tó dé, kò sì yẹ kí òun máa la orúkọ mọ́ wọn lórí bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí odó ṣe di Ajókòó-gbẹ̀ṣẹ́ nìyẹn. Ọlọ di Aláìléyín-jata. Orógùn tí a fi ń ro ẹ̀bà di Akínkanjú, nítorí inú ooru ló ń wọ̀ lójoojúmọ́ tí kò ké rí. Asẹ́ tí mo ní orúkọ rẹ̀ kò dára yẹn, Olófòófó ni, torí ohun yòówù kí o fi sí i níkùn, kò ní í pa á mọ́. Màmá Àgbà kọ́kọ́ ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Àfi lọ́jọ́ kan tí a gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé: "Ta ló gbé Olófòófó mi?" A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀.

Iṣẹ́ ilé tí à ń sá fún tẹ́lẹ̀ wá di nǹkan mìíràn. Ẹ̀wà ṣíṣà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń súni tó. Àǹtí Ìyàwó á da ẹ̀wà sórí àtẹ, á ní ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, Eyínfúnjowó ni olùdánwò. Ẹ̀wà tó bá yege á wọ ìkòkò, òkúta àti kòkòrò á fìdí rẹmi. Kúnlé á gbé òkúta kan sókè, á bojú jẹ́ bí olùkọ́, á ní, "Ìwọ, lọ mú bàbá ẹ wá!" Lọ́jọ́ tí a bá sì fi ẹ̀wà náà ṣe mọ́ínmọ́ín, tí òórùn ewé àti ẹja yíyan láti etí omi Ọ̀jọ́ bá gba ẹ̀yìnkùlé, Àǹtí Ìyàwó á ní àwọn tó yege ti ń gba ẹ̀bùn. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà yí padà. Bí Kúnlé bá ta ìgbálẹ̀ nípàá, kò ní í nà án. Á ní kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó bẹ̀ ẹ́: "Bàbá Alárìnká, ẹ má bínú, ẹsẹ̀ mi ló ṣì." Kò sí ọmọ tó fẹ́ kí àwọn ayálégbé rí òun níbi tí òun ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ìgbálẹ̀. Ìyà yẹn dun Kúnlé ju ẹgba lọ.

Èmi a máa dúró lẹ́bàá ògiri, màá le ojú mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín á máa gbọ̀n mí nínú, n kò ní í jẹ́ kó jáde. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ borí mi, màá sá lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ta súwẹ̀ níta. Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ nǹkan kan. Gbogbo ohun tó wà ní ilé ìdáná ti lórúkọ tán, àpótí ìjókòó, ìkòkò ọbẹ̀, títí kan ọ̀bẹ tí èékù rẹ̀ ti yọ. Àmù ìyá mi nìkan ni kò lórúkọ. Àǹtí Ìyàwó kì í tilẹ̀ sọ nǹkan nípa rẹ̀. Láàárọ̀, kó tó bu omi nínú rẹ̀, mo máa ń rí i tó ń fi orúnkún kan kanlẹ̀, ètè rẹ̀ á mì, n kì í gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tí a kò fún lórúkọ, a kò fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Àmù kò lórúkọ, èmi náà ò lórúkọ. Mo ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa gbé wa síta.

Ọjọ́ náà dé ní Sátidé ìmọ́tótó. Ẹ rántí Sátidé ìparí oṣù, tí ìjọba á ní kí oníkálukú jókòó sílé kó tún àyíká rẹ̀ ṣe. Títì Àgbádárìgì á dákẹ́ débi tí èèyàn á máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti àdúgbò kejì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù Òkókómaikò á wà ní títì. Bàbá mi ti fi bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe kọ́bọ́ọ̀dù tuntun fún ilé ìdáná, ó ra dírọ́ọ̀mù oníke aláwọ̀ búlúù fún omi, ó ra ìkòkò tuntun tó ń dán. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ilé òun ló wà, pé kì í ṣe ilé ẹlòmíì. Àǹtí Ìyàwó wà ní balùwẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọṣẹ fọ ilẹ̀. Bàbá mi ní kí Kúnlé àti èmi kó gbogbo àlòkù ilé ìdáná sí ẹ̀bá gọ́tà, àwọn akólẹ̀ ń bọ̀ wá kó o.

Kúnlé ń kó wọn jáde, ó ń kí wọn bó ṣe ń gbé wọn kalẹ̀: Aláìléyín-jata, Akínkanjú, Olófòófó. Kò mọ̀ pé wọ́n ń lọ ni. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló da omi àmù nù, tó sì gbé e jáde. Mo gbọ́ bí omi yẹn ṣe dà sílẹ̀. Mo bá jáde tọ̀ ọ́, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù náà létí gọ́tà, mo fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Bàbá mi ní kí n dìde. N kò dìde. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ga. Mo tún di àmù mú ṣinṣin. Ọmọlanke àwọn akólẹ̀ ti wà ní ojúlé kejì sí tiwa. Ìyá Ríṣí ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wòran, ó ń mi orí bí ẹni tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ.

Ariwo yẹn ló mú Àǹtí Ìyàwó jáde, ìró rẹ̀ tutù dé orúnkún, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. Ó wo gọ́tà, ó wo ẹrù, ó wo èmi. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú àmù, orúnkún méjèèjì, lórí ilẹ̀ eléruku yẹn, lójú gbogbo ará àdúgbò.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyálé mi. Ta ló ní kí ẹ bọ́ síta?"

Ohun tó máa ń sọ láràárọ̀ nìyẹn. Èmi nìkan ni n kò gbọ́ ọ. Bàbá mi ní, "Ìyàwó mi, nítorí tìẹ ni mo ṣe kó wọn jáde." Ó dáhùn, kò dìde lórí ìkúnlẹ̀: "Olówó orí mi, ẹ ṣé, mo mọ̀. Àmọ́ mo bá wọn nílé ni. Ìyàwó kì í wá kó lé ìyálé rẹ̀ jáde." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Aṣojú Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà sílé."

Mo ní, "Ẹ̀n, mà."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dá a lóhùn nìyẹn. Kò fò sókè, kò pariwo. Ó kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ọṣẹ bá wọ̀ ọ́ lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, èmi náà sì bú sẹ́rìn-ín tí mo ti ń há mọ́ inú láti ọjọ́ yìí wá. Ẹkún wà nínú rẹ̀. Bàbá mi wo àwa méjèèjì, ó mi orí, ó gbé àmù náà sí èjìká padà sílé. Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun náà wúlò; inú rẹ̀ ni Olófòófó àti Akínkanjú ń gbé láti ọjọ́ náà. Nínú dírọ́ọ̀mù búlúù ni a ń kó omi ìfọṣọ sí. Lọ́jọ́ kejì, Màmá Àgbà pe Ìyá Ríṣí sí kọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n bá a sọ kò yé mi, àmọ́ odindi ọ̀sẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ fi sinmi.

Ẹ ò rí i pé àṣà kan náà tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ń wò bí ẹrù, òun ni obìnrin yìí fi gba èmi àti ìyá mi sílé. Kò gbìyànjú láti gba ipò ẹni tó ti lọ. Ó kàn ń kí i láràárọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú un wá, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá ń dúpẹ́ báyìí lójú rẹ̀, á ní kí n lọ bá òun gbé Bàbá Alárìnká. Ó bímọ lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àwọn yẹn ló ń pè lórúkọ gan-an, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n dé, wọn kò sì yéé bínú pé Kúnlé àti èmi, Àǹtí Bùsọ́lá wọn, nìkan ló ní orúkọ tó dùn.

Ayé ti yí. Ní Ìbà ni mo ń gbé báyìí pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ mi. Gáàsì la fi ń dáná, kò sí Bọ̀dá Onínúfùfù tí a máa tù lójú. A kì í sẹ́ ògì, a ń rà á nínú ọ̀rá. Ṣíṣà ni ẹ̀wà ti wà kó tó dọ́dọ̀ mi, kò sẹ́ni tó ń ṣe ìdánwò mọ́. Iṣẹ́ ilé ti yá gan-an, n kò purọ́, n kò ní í padà sídìí ọlọ láé. Àmọ́ oníkálukú ń ṣe tirẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ ni, ojú wà lára fóònù, abọ́ fífọ̀ kò lẹ́rìn-ín nínú. Mo ń gbìyànjú. Ọmọbìnrin mi ti sọ bléńdà ní Àlàájà Aláriwo, ẹ̀rọ ìfọṣọ sì ni Arápòòyì. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi gbọ́ ọ, ó bi mí pé ṣé kò rẹ̀ wá ni. Mo ní kò rẹ̀ wá.

Bàbá mi àti Màmá Àgbà ti lọ. Àǹtí Ìyàwó ti hewú, Àǹtí Ìyàwó náà la ṣì ń pè é. Èmi àti Kúnlé dáwó jọ, a ra fíríìjì ńlá fún un, mo sì lọ sí Igbó-Elérin láti wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó kó omi inú ọ̀rá kún un fún àlejò. Mo bá kọjá sí ilé ìdáná. Àmù wà ní igun rẹ̀ lórí iyanrìn tútù, ara rẹ̀ ń làágùn. Mo ṣí ọmọrí bàbá mi. Ó kún dé ẹnu. Mo pè é pé, "Àǹtí Ìyàwó, ta ló tún ń mu omi yìí?"

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí bí ẹni pé ìbéèrè ọmọdé ni mo bi òun. Ó ní, "Ìyálé mi ni. Ṣé kí n jẹ́ kí ọ̀fun wọn gbẹ ni? Aṣojú, ẹ wá mumi kí ẹ tó máa lọ."

Mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, mo kí ìyá mi, mo bu omi náà mu. Ó tutù.